Ka Fáìlì Náà Tán: Sí Mosúnmọ́lá, Agbẹjọ́rò Ìjọba Tuntun

Ẹgbẹ́dá,
Alímọ̀ṣọ́, Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Mosúnmọ́lá, Àbẹ̀ní mi ọ̀wọ́n,

Mo jó! Mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ mọ ìyẹn kí n tó béèrè àlàáfíà rẹ. Ọjọ́ Ẹtì ni lẹ́tà rẹ bá mi ní ọ́fíìsì ní Ìkòtún. Mo já a lórí ìdúró, mo ka ìlà méjì, mo sì lọgun tòò. Bàbá Télọ̀ tó ń ránṣọ nísàlẹ̀ ilé sáré gòkè tòun ti téèpù lọ́rùn, ó rò pé nǹkan ti ṣe mí.

"Lọ́yà, kí ló dé? Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú o! Mosún ti di agbẹjọ́rò ìjọba ní Ìbàdàn!"

Ló bá gbá mi lọ́wọ́ mú, ni àwa méjèèjì bá ń jó láàárín àga. Oníbàárà kan ti jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀ tòun ti ìwé ilẹ̀ rẹ̀. Ó wò wá títí, ó ní, "Ẹ kú oríire o, Lọ́yà. Ṣùgbọ́n ẹ ó ṣì gbọ́ ẹjọ́ tèmi lónìí ṣá, àbí?"

Bàbá rẹ ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ka lẹ́tà náà. Ẹ̀ẹ̀kẹta, báírò pupa wà lọ́wọ́ rẹ̀. O mọ̀ pé tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní kí n sọ fún ọ pé o gbàgbé àmì ohùn lórí ọ̀rọ̀ méjì, àti pé òun ò rí ọmọ tó mú orí òun wú báyìí rí. Bó ṣe sọ ọ́ náà nìyẹn, pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

O bi mí nínú lẹ́tà rẹ pé, "Mọ́mì, kí ni mo gbọ́dọ̀ mọ̀ tí wọn ò kọ́ wa ní ilé ìwé òfin?" Ọmọ mi, ìbéèrè yẹn dùn mọ́ mi ju iṣẹ́ náà gan-an lọ. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe agbẹjọ́rò ìjọba, ọdún kẹfà rèé tí mo ti wà láyè ara mi ní Ìkòtún. N ò ní máa kọ ìwé sí ọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti fi ìmọ̀ràn dà ọ́ láàmú. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni n óò kọ ọ́, n óò sì kọ ọ́ gùn. Mi ò sì ní fi àṣìṣe mi pamọ́ fún ọ, torí ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Àkọ́kọ́. Mọ ẹjọ́ rẹ kí o tó ṣẹ̀ṣọ́ fún un.

Nígbà tí wọ́n gbà mí síṣẹ́, ọmọ ọdún méje ni ọ́. Mo ti ṣe tíṣà kí n tó lọ kọ́ òfin, nítorí náà mo dàgbà ju àwọn ẹgbẹ́ mi lọ, ó sì ń jẹ mí lọ́kàn pé kí gbogbo ayé mọ̀ pé mo ti dé ibi tí mò ń lọ. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ máa lọ sí kóòtù, ilé níbí ni mo ti wọ ohun gbogbo: kọ́là funfun, gáùn dúdú, mo tún gbé wíìgì lé orí. Bàbá rẹ ní, "Ìyá Mosún, ṣé inú ọkọ̀ ni wọ́n ti máa gbọ́ ẹjọ́ ni?" Mo tún wíìgì mi tò, mo jáde. Nígbà tí mo wọ mólúè ní Ìyànà Ìpájà, kọ̀ńdọ́ yẹ̀ fún mi, ó ní, "Ẹ sún fún Lọ́yà o! Lọ́yà, ẹ mú ṣénjì yín dání o, kí ẹ má fi òfin gbé mi jàre!" Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi na ọrùn bí ìyàwó tuntun.

Wọ́n pe ẹjọ́ mi. Mo dìde, mo tẹríba, mo ṣí báàgì. Mo rí pàùdà, mo rí ìwé òfin ńlá kan, mo rí mọ́ínmọ́ín tí mo fẹ́ fi ṣe oúnjẹ ọ̀sán. Fáìlì ẹjọ́ kò sí níbẹ̀. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo gbàgbé rẹ̀ sí níbi tí mo ti ń to gáùn. Adájọ́ wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Agbẹjọ́rò ìjọba, aṣọ yín pé. Ẹjọ́ yín ńkọ́?"

Àbẹ̀ní, ó dà bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Ṣùgbọ́n o mọ̀ ọ́n? Láti ọjọ́ náà, mi ò tíì dìde ní kóòtù kan láìjẹ́ pé mo ti mọ ẹjọ́ mi débi pé bí iná bá jó fáìlì náà lójú ọ̀nà, mo lè sọ ọ́ láti orí dé ìdí. Inú báàgì ni gáùn máa ń wà títí n óò fi dé ẹnu ọ̀nà kóòtù. Ìwọ náà ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìkejì ni mo tìtorí rẹ̀ kọ lẹ́tà yìí gan-an. Fara balẹ̀ kà á. Mi ò tíì sọ ọ́ fún ọ rí.

Bí ọlọ́pàá bá mú ènìyàn lórí ẹ̀sùn ńlá, májísíréètì yóò ní kí wọ́n fi í sí àtìmọ́lé ná, wọn ó wá fi fáìlì rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwa agbẹjọ́rò ìjọba, kí a kà á, kí a sọ bóyá ẹjọ́ wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Títí tí a ó fi sọ̀rọ̀, ẹni náà wà lẹ́wọ̀n. Iṣẹ́ tí wọ́n máa kọ́kọ́ gbé fún ìwọ náà nìyẹn. Lọ́dún kejì mi níbẹ̀, wọ́n gbé fáìlì kan fún mi tó nípọn bí ìrọ̀rí. Káfíńtà kan ní Ìgàndó, Jòsáyà lorúkọ rẹ̀, ni wọ́n ní ó dáná sun ṣọ́ọ̀bù pákó kan. Òun àti oní-pákó ti jà lórí pákó tí kòkòrò ti jẹ. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé ìjà náà, ṣọ́ọ̀bù jó lọ́sàn-án gangan, ẹnì kan sì búra pé òun rí Jòsáyà tó ń sáré jáde láti ẹ̀yìn ibẹ̀ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì epo.

Mo ṣí ojú ewé mẹ́ta. Ìkọ̀wé ọlọ́pàá náà rí wúruwùru. Mo pa á dé, mo tì í sí ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù mi, mo ní n óò padà sí i. Fáìlì tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni mò ń kà, torí ìyẹn ni wọ́n fi ń yìn mí pé ọwọ́ mi yá.

Láàárín ìgbà náà, mo máa ń rí obìnrin kan lórí bẹ́ǹṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Ó wọ sùtánà funfun bí àwọn aládùúrà, kò wọ bàtà, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló ń wá. Yóò kúnlẹ̀ kí mi bí mo bá ń kọjá, èmi yóò ní "Ẹ ǹlẹ́ o," n óò sì wọlé lọ. Mo rò pé ó wá wàásù ni. Lọ́jọ́ kan mo bi akọ̀wé wa, Ọ̀gbẹ́ni Àlàdé, léèrè.

"Ta ni obìnrin aláṣọ funfun yẹn ń wá níbí?"

Ó gbójú sókè láti orí tàpúráítà rẹ̀. "Ẹ̀yin ni, mà."

"Èmi kẹ̀?"

"Ẹ̀yin ló ń dúró dè. Ìyàwó káfíńtà Ìgàndó ni. Mo ní kó kàn lẹ́kùn, ó ní òun ò fẹ́ bí yín nínú."

Mo padà síta. Ó ti kúnlẹ̀ kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, wọ́n ní fáìlì ọkọ mi wà lọ́wọ́ yín. Oṣù keje rèé." Ọmọ mi, mo purọ́. Mo ní, "A ti ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀." Ó dúpẹ́ títí, ó sì lọ.

Mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn, mo fa fáìlì náà yọ. Eruku rẹ̀ mú mi sín. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Nígbà tí mo ti fẹ́ kà á tán, mo kan ìwé kan tí ọlọ́pàá gbà lẹ́nu nọ́ọ̀sì ní ilé ìgbẹ̀bí kan. Nọ́ọ̀sì náà ní lọ́jọ́ tí ṣọ́ọ̀bù jó, Jòsáyà gbé ìyàwó rẹ̀ wá láàárọ̀ pé ó ń rọbí. Pé ó jókòó sí gbàgede àwọn títí ìrọ̀lẹ́ tí obìnrin náà fi bí. Pé Jòsáyà gan-an ló bá àwọn pọn omi lọ́jọ́ náà torí ẹ̀rọ omi bàjẹ́. Ó fi orúkọ àwọn nọ́ọ̀sì méjì mìíràn sí i tí wọ́n rí i.

Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ náà ni obìnrin yẹn ń pọ̀n wá bá mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀! Mo ti ń kọjá lára ẹ̀rí ẹjọ́ mi fún bí oṣù mẹ́fà, mò ń sọ fún un pé ẹ ǹlẹ́ o.

Mo sunkún, mi ò ní parọ́ fún ọ. Lẹ́yìn náà mo nu ojú, mo mú gègé. Mo kọ ọ́ pé kò sí ẹjọ́ kankan fún Jòsáyà láti jẹ́, kí wọ́n tú u sílẹ̀ kíá. Nísàlẹ̀ rẹ̀ mo kọ ọ́ pé àìbìkítà tèmi ló fa ìdádúró náà. Mo gbé e lọ bá ọ̀gá wa. Àgbàlagbà pẹ̀lẹ́ ni, ó sì fẹ́ràn mi. Ó kà á, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ta ló bi ọ́ léèrè pé kí ló dá a dúró?"

"Kò sẹ́ni tó bi mí, sà."

"Ǹjẹ́ kí lo wá ń jẹ́wọ́ sí? Kọ ọ́ pé kò sí ẹjọ́, ó parí. Ìwé yìí yóò wà nínú fáìlì tìrẹ títí ayé."

"Sà, bí mi ò bá kọ ọ́, ọlọ́pàá tó ṣèwádìí ni wọn ó dì í rù. Ọ̀sẹ̀ kẹta tí ṣọ́ọ̀bù jó ló ti kó ohun gbogbo wá fún wa. Òun ló wá nọ́ọ̀sì náà rí."

"Wọn ò ní gbé ọ ga lọ́dún yìí o."

"Mo mọ̀, sà."

Ó fa ìwé náà mọ́ra, ó fọwọ́ sí i. Lóòótọ́, ìwé wá-wí-tẹnu-rẹ dé bá mi láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ọdún méjì ni ìgbéga sì fi yẹ̀ mí sílẹ̀. Ọdún méjì yẹn ni ẹ ń bi mí pé kí ló dé tí a ò tíì kó kúrò nínú yàrá kan àti pálọ̀. Ó dára, ìdáhùn rẹ̀ nìyẹn.

Èmi fúnra mi ni mo lọ sí kóòtù lọ́jọ́ tí wọ́n tú u sílẹ̀. Mo dìde, mo ní ìjọba kò fẹ́ bá Jòsáyà ṣe ẹjọ́ mọ́. Ó jáde síta, ó ti rù kan egungun. Ó nawọ́ gba ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà figbe ta, ó dì mọ́ ìyá rẹ̀, kò mọ ẹni tó fẹ́ gbé e. Jòsáyà sì rọra sọ ọwọ́ ara rẹ̀ kalẹ̀. Mosún, mo ti gbọ́ ẹjọ́ apànìyàn, mo ti rí àwòrán tí ènìyàn kì í gbàgbé, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó rọ̀ wálẹ̀ yẹn ló wà lójú mi jù.

Ó yíjú sí mi. "Ẹ ṣé gan-an ni, mà."

Mo ní, "Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọ̀dọ̀ mi ni fáìlì rẹ wà. Mi ò kà á. Mo wá tọrọ àforíjì."

Mo rò pé yóò bú mi, ì bá sì tọ́ sí mi. Ó ní, "Àwa mẹ́sàn-án la wà nínú yàrá yẹn tí fáìlì wa wà lọ́dọ̀ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tètè ka ti àwọn mẹ́jọ tó kù."

Ha, Àbẹ̀ní! Ibẹ̀ gan-an ni mo ti di lọ́yà, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n pè mí sí iṣẹ́ òfin! Mo padà sí ọ́fíìsì, mo kó gbogbo fáìlì inú kọ́bọ́ọ̀dù náà jáde sílẹ̀, èmi àti Ọ̀gbẹ́ni Àlàdé. Mo ka fáìlì bí ẹni tí ebi ń pa. Èyí tí ẹjọ́ wà nínú rẹ̀, mo gbé e lọ sí kóòtù láìfi falẹ̀. Èyí tí kò sí, mo ní kí wọ́n máa lọ sílé. Inú mi ń dùn láti jí lọ síṣẹ́! Ọ̀gá wa bẹ̀rẹ̀ sí í fi fáìlì tó nípọn jù ránṣẹ́ sí èmi nìkan, a sì máa rẹ́rìn-ín pé, "Gbé e fún ìyá oníjẹ́wọ́." Nítorí náà, ọmọ mi, fáìlì tó bá nípọn jù ni kí o kọ́kọ́ mú. Ka á tán. Bí o bá sì rí ẹni tó ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bi í léèrè ẹni tó ń wá. Àgbà òṣìkà ní í gbẹ́jọ́ ẹnì kan dá. Èmi tiẹ̀ burú jù ú lọ, mi ò gbọ́ tẹnikẹ́ni.

Ẹ̀kẹta, tàbí ẹ̀kẹrin ni, mi ò kà á mọ́. Má gbé kóòtù wọ ilé. Ìgbà kan wà tí mi ò lè bá bàbá rẹ sọ̀rọ̀ bí ìyàwó. Bó bá pẹ́ dé láti ìpàdé olùkọ́, n óò dúró sẹ́nu ọ̀nà: "Ṣé òótọ́ ni pé aago mẹ́rin ni ìpàdé yín parí? Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́!" Ọkùnrin náà fara dà á títí. Lọ́jọ́ kan ó bọ́ fìlà, ó tẹríba láàárín pálọ̀, ó ní, "Olúwa mi, ebi ń pa olùjẹ́jọ́. Ó ń bẹ̀bẹ̀ kí ẹ sún ẹjọ́ yìí síwájú." Ìwọ ni o kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ìwọ náà tí mo ti ń bi pé ta ló fọ́ abọ́ lọ́sẹ̀ kan ṣáájú, tí o ní o ò ní sọ̀rọ̀ àyàfi tí lọ́yà rẹ bá dé! Lọ́jọ́ tí o bá rí ọkọ, rántí pé ìbéèrè tí a fi ń mú ọ̀daràn kọ́ la fi ń kí ọkọ káàbọ̀.

Bóyá lọ́jọ́ kan ìwọ náà yóò fi ìjọba sílẹ̀ bíi tèmi. Má bẹ̀rù rẹ̀. Nígbà tí mo ṣí ọ́fíìsì ní Ìkòtún, lókè ilé Bàbá Télọ̀, àwọn ẹgbẹ́ mi ní ta ló ń wá lọ́yà lọ sí ọjà. Mo ní ibi tí àwọn èèyàn ti ń rà tí wọ́n ń tà ni wọ́n ti ń jà! Ẹjọ́ ilẹ̀ wọlé bí òjò, torí gbogbo Alímọ̀ṣọ́ ni wọ́n ń kọ́ ilé sí. Àṣìṣe mi níbẹ̀ ni pé mo gbà pé Gẹ̀ẹ́sì dídùn ló ń jàre. Mo kọ ìwé kan fún bàbá arúgbó kan lórí ilẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀nà Ìgàndó, mo to ọ̀rọ̀ jọ débi pé èmi fúnra mi ń kà á fún ìgbádùn. Ṣùgbọ́n mi ò dé orí ilẹ̀ náà rí. Adájọ́ ní kí gbogbo wa lọ wò ó. Mo wọ bàtà gogoro lọ. Ilẹ̀ tí mo júwe nínú ìwé mi, àbàtà ni. Ìgìrìsẹ̀ bàtà mi wọlẹ̀ ṣìnkìn, mo dúró síbẹ̀ bí ọ̀pá fáńsì. Lọ́yà kejì, àgbàlagbà kan, bi mí léèrè tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, "Lọ́yà, ṣé ẹja ni oníbàárà yín fẹ́ máa sìn níbí?" Oníbàárà mi ń ké láti òdìkejì títì pé, "Ẹ̀yin Lọ́yà, ibi yìí ni tèmi o! Ibí!"

Adájọ́ pàápàá fi ìwé bojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Mo ní láti yọ ẹjọ́ náà kúrò, mo tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, mo sì bá bàbá náà jàre nígbẹ̀yìn. Ìròyìn ò tó àfojúbà, Mosún. Lọ fojú rẹ rí i. Ra bàtà pẹlẹbẹ.

Ọ̀kan ṣoṣo ló kù tó wúwo. Nínú ìjọba, gbogbo ìlú ni oníbàárà rẹ, títí kan ẹni tí o ń fẹ̀sùn kàn. Bó o bá pàdánù ẹjọ́ tí kò yẹ kí o jàre, ìjọba ti jàre nìyẹn. Láyè ara ẹni, ẹni tó jókòó síwájú rẹ ni oníbàárà rẹ, iṣẹ́ rẹ sì ni láti sọ òótọ́ fún un kí kóòtù tó sọ ọ́ fún un. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan wá bá mi láti àdúgbò wa níbí, wọ́n fẹ́ pín ilé bàbá wọn, oníkálukú ti múra tán láti ba tẹnìkejì jẹ́. Ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ dé. Mo ní, "Ẹjọ́ yìí yóò dùn fún mi, yóò sì pa yín. Ẹ lọ mú àbúrò yín wá." Ìjókòó mẹ́rin la fi parí rẹ̀. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká tún ṣọ̀rẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ mi ní mo lé oúnjẹ kúrò lẹ́nu ara mi. Ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yẹn ló ń júwe ọ̀nà ọ́fíìsì mi fún gbogbo Ẹgbẹ́dá.

Ọwọ́ ń dùn mí, bàbá rẹ sì ti ń kígbe pé ìrẹsì ti ń tutù. Jẹun dáadáa. Máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bọ̀wọ̀ fún àwọn akọ̀wé yín, àwọn ló mọ ohun tí ẹ̀yin lọ́yà kò mọ̀. Bó o bá ṣe àṣìṣe, torí o máa ṣe é, jẹ́ kó jẹ́ pé ẹnu ìwọ ni wọ́n ti máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Kí Olúwa fi ọgbọ́n sí ọ lẹ́nu, kó sì fi àánú sí ọ nínú.

Mo tún ní ìròyìn kan fún ọ. Ọjọ́ tí o bá máa kọ́kọ́ dìde ní kóòtù, kọ̀wé sí wa kí ó tó pé. Èmi àti bàbá rẹ ti pinnu pé a ó wá sí Ìbàdàn. A ò ní kí ọ, a ò ní juwọ́ sí ọ, ẹ̀yìn pátápátá la ó jókòó sí. Wọ́n á pe ẹjọ́ rẹ, wàá sì dìde. Má wẹ̀yìn wò o, Àbẹ̀ní, adájọ́ ni kí o dojú kọ. Bí o bá gbọ́ tí àgbàlagbà kan ń wúkọ́ ṣáá lẹ́yìn, má jẹ́ kó da ọ̀rọ̀ rú mọ́ ọ lẹ́nu. Kì í ṣe ikọ́. Bàbá rẹ ló ń sunkún, tí kò fẹ́ kí kóòtù mọ̀.

Èmi ni ìyá rẹ, tí ayọ̀ rẹ kò jẹ́ kó jókòó jẹ́ẹ́,
Mọ́mì.